Ẹní Tútù Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, àwa kò lè dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí mọ́. Ní ilé mìíràn, bí ọmọ bá tọ̀ sórí ẹní, a ó gbé ẹní náà rù ú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa kọrin "atọ̀ọ́lé" tẹ̀ lé e kiri. Àwa olùkọ́ a máa rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì: kì í lè gbé ojú sókè.

Ta ni í mọ̀ọ́mọ̀ tọ̀ lójú oorun? Nínú 100 ọmọ ọdún 5, bí 15 ni ó ń ṣe é. A máa wà nínú ìdílé pẹ̀lú: baba tí ó mú pàṣán lè ti ṣe é rí. Ọ̀pọ̀ ni yóò sì fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó tọ̀ kí ó tó sùn, kí ẹ sì bò ó láṣìírí. Bí ó bá ti ṣíwọ́ rí tí ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sùúrù béèrè ohun tí ń bà á nínú jẹ́, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwa tí ń gbé àṣà baba wa ga kò gbọdọ̀ gbé ìkà pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Ní ti èyí, ọwọ́ òsì nìkan tó.