Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé da ẹsáǹsì sínú pẹ́ńtì



Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwa olùkọ́ àti òbí dá owó jọ láti kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé kíláàsì. Pẹ́ńtì náà ki, ni akunlé bá da ẹsáǹsì ẹ̀bá títì sí i. Ó ṣàn dáadáa lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ara rẹ̀ rí bí èèpo ọsàn. Òórùn rẹ̀ fọ́ àwọn ọmọ lórí. Kí ọdún tó yí po, ó ti ń ṣí. Owó wa wọgbó.

Ẹsáǹsì tètè máa ń fẹ́ lọ. Pẹ́ńtì kò ní ráyè tẹ́ kí ó tó gbẹ, ipa búrọ́ọ̀ṣì á sì dúró síbẹ̀. Ó tún ń gbaná kíákíá, benzene inú rẹ̀ sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. White spirit tàbí diluant tí wọ́n kọ sára agolo ló yẹ pẹ́ńtì olóròró. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ tí ẹ bá ń lò ó.

Ti pẹ́ńtì olómi yàtọ̀. Omi mímọ́ ni, ní ìwọ̀n tí agolo bá sọ. Ẹ má fi ọṣẹ sí i: yóò fófòó, ìfófòó náà á bẹ́, á sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lára ògiri.

Ohun kan tún wà tí Faransé ń pè ní agent d'étalement, tó ń jẹ́ kí pẹ́ńtì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má rò pé ọ̀kan náà ló wà fún méjèèjì. Omi a máa kó ara rẹ̀ jọ. Ẹ kán an sórí àwo tó ní epo, ẹ ó rí i. Nítorí náà, èyí tí wọ́n ṣe fún pẹ́ńtì olóròró lè ba olómi jẹ́. Èyí tó ní silicone, gíráàmù díẹ̀ ló ń tó kílò pẹ́ńtì kan. Bó bá pọ̀ jù, pẹ́ńtì á dá ihò róbótó, ìkunlé kejì kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Èmi ò bú akunlé o. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn fi èdè wa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, Faransé sì ni wọ́n kọ sára agolo. Àwa tí a ka Faransé ni mo dá lẹ́bi jù. A ń fi í kọ lẹ́tà, a ò lè fi í ran ẹni tó ń kunlé wa lọ́wọ́. A tún ń du owó diluant mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn náà la ó máa ráhùn pé iṣẹ́ kò dán.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá a ka ara agolo ní Yorùbá. Ẹ ka owó diluant mọ́ owó iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára pákó kékeré, kí ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má kunlé nínú oòrùn ọ̀sán.

Ẹ̀yin akunlé tó wà níbí, kí lẹ rí sí i? Ẹ sọ tiyín, ká jọ kọ́gbọ́n.