20 Kọ́ Ni Ọba Káàdì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbà pé kò sí káàdì tó lágbára bíi 20 nínú Whot. Mo ní irọ́ ni. Àríyànjiyàn wa ní Odìgbó fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó ìjà Ọ̀rẹ̀ ti ọdún 1967.

Bó bá ṣe pé olúkúlùkù ló ń ta tirẹ̀, ǹ bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n méjì-méjì là ń ta nílé wa: èmi àti àbúrò mi á kọjú síra, àwọn alátakò á wà láàárín wa. Ẹ wò ó, bí mo bá já 14 sílẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa lọ sọ́jà, àbúrò mi náà á lọ. Ṣé ọ̀tá mi ni? 2 dára, torí alátakò tó kàn ló máa mú méjì. Àmọ́ 8 ni tèmi! Ó ń fo alátakò yẹn, ó sì ń gbé eré lé ẹnìkejì mi lọ́wọ́ tààrà.

20 ńkọ́? Márùn-ún péré ló wà nínú káàdì 54. Ó wúlò bí ẹni tó mú un bá ń ṣọ́ àmì tí ẹnìkejì rẹ̀ ń wá, tó sì pè é fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Ìràwọ̀ ló máa ń pè, torí ìràwọ̀ kún ọwọ́ òun. Láìpẹ́ yìí, ọjà tán, a ka káàdì, 20 méjì ló kù sí i lọ́wọ́: 40 gbáko. Ẹnìkejì rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.