Òjò àrọ̀kúrò kò ṣe é fọkàn tán mọ́: Ta ni yóò gba àgbẹ̀ àti ọlọ́jà kékeré sílẹ̀?

Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nílẹ̀ Yorùbá pé bí òwúrọ̀ ṣe rí ni alẹ́ yóò ṣe rí. Oòrùn a là ní aago mẹ́jọ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ìyá tó fọ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ a sá a sórí okùn, ẹni tó ń ṣe láfún a tẹ́ ẹ sórí àpáta. Kó tó di aago méjì ọ̀sán, ojú ọjọ́ a ṣú, ìjì a dé, òjò a sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá a kọjá láìsí ẹ̀kán omi kan, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé. Àrọ̀kúrò ni àwọn àgbà ń pe òjò yìí, òun ni òjò tó kẹ́yìn ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú oúnjẹ tí ilé yóò jẹ di ọdún tó ń bọ̀ wà.

Ohun tó ń fa ìyípadà náà kò ṣókùnkùn. Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀, òun ló ń gbé omi wá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Bí oṣù kẹjọ bá dé, atẹ́gùn olómi ti wọ òkè Ọya lọ jìnnà, ìdí nìyẹn tí òjò fi máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tó bá ń padà bọ̀ wá sí gúúsù ní oṣù kẹsàn-án ni òjò tún ń pọ̀ sí i, títí tí ọyẹ́ yóò fi lé e wọ orí òkun. Àsìkò tí ọ̀kan ń lọ tí èkejì ń bọ̀ yìí ni ìjì òjiji máa ń pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èyí tó yàtọ̀ lóde òní ni pé ayé ń gbóná sí i. Bí ooru ojú ọ̀run bá fi ìwọ̀n kan péré lé sí i, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbà mọ́ra yóò fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nígbà tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wákàtí díẹ̀ ni yóò fi rọ òjò tó yẹ kó rọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé ìsinmi oṣù kẹjọ. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, ni odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn mọ́lẹ̀, tí ẹ̀mí tó lé ní 200 sì bá a lọ. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ kan náà, lọ́dún 2011, ni omi tún ya wọ ìlú náà, ó gbé afárá lọ, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Ìgbà tí kàlẹ́ńdà sọ pé òjò ń sinmi ni ìjàǹbá méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbẹ̀. Ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án ló ń gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì, àgbàdo náà sì nílò nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó gbó. Bí òjò bá pẹ́ kó tó padà, tàbí tó bá tètè kásẹ̀ nílẹ̀, owó irúgbìn àti ajílẹ̀ ti wọgbó. Ti olóko kòkó ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun tún yàtọ̀. Oṣù kẹwàá ni ìkórè ńlá ń bẹ̀rẹ̀, kòkó sì nílò oòrùn bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó gbẹ délẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ lé e lórí yóò mú kó bu, àwọn tó ń rà á yóò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Lórí igi pàápàá, ọ̀rinrin tó pọ̀ jù ló ń bí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Lọ́dún 2024 ó kọjá 10,000, nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn ní Gánà àti Côte d'Ivoire wà lára ohun tó dín kòkó kù. Lọ́dún 2025 ló bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ bu nígbà tí owó gorí kò rí èrè náà jẹ, ìgbà tí owó wálẹ̀ sì ni ìyà rẹ̀ di méjì.

Nínú ìlú, àwọn tó ń jẹun òòjọ́ ló ń fojú winá rẹ̀ jù. Aláádìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, kò lè ta aṣọ tí kò gbẹ. Ẹni tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà, ọlọ́kadà, àti bíríkìlà tó ń gba owó iṣẹ́ lójúmọ́, òjò wákàtí mẹ́ta lè gba owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀nà bá sì bàjẹ́, tòmátì àti ata tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó bọ̀ láti òkè Ọya yóò jẹrà lójú ọ̀nà, ẹni tó ń se ọbẹ̀ ní Èkó ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe òjò tó rọ̀ lójú wọn ló ń lé wọn kúrò nílé. Láti ọdún 1983 ni ìsédò Ọ̀yán ti wà nítòsí Abẹ́òkúta. Bí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù ní àrọ̀kúrò, àwọn tó ń bójú tó o gbọ́dọ̀ máa tú u sílẹ̀ sínú odò Ògùn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìṣẹrí àti agbègbè Mile 12 ní Èkó ni yóò sì gbà kọjá lọ sí ọ̀sà. Oòrùn lè máa ràn ganrínganrín kí omi máa gun àtẹ̀gùn ilé. Lọ́dún 2022, omíyalé pa èèyàn tó ju 600 lọ káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ tí ìjọba máa ń sọ ni pé àwọn aráàlú ló ń da ilẹ̀ sí gọ́tà, àwọn ló ń kọ́lé sójú omi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ta ló fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà? Níbo ni wọ́n ní kí aráàlú da ilẹ̀ sí, tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò bá wá? Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún kíkápá omíyalé n'Ìbàdàn, ọdún kẹta lẹ́yìn ìjàǹbá 2011, ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ti Ògùnpa. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n máa ń rántí odò.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ju agbára lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni àjọ NiMet máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí yóò ṣe parí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ máa sọ ti agbègbè tirẹ̀ lórí rédíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní èdè tí àgbẹ̀ gbọ́, kí olúkúlùkù lè mọ ìgbà tí yóò gbìn. Kí ẹgbẹ́ àwọn olóko kòkó ní ibi ìsákòkó tó ga nílẹ̀, tó sì ní ọ̀rá tí wọ́n lè tètè fà bò ó. Kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà ní oṣù keje, nígbà tí ọwọ́ ṣì dilẹ̀.

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ẹni tó gbé igbá kalẹ̀ lẹ́bàá títì, eji kò rí wọn bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ti múra sílẹ̀ de àrọ̀kúrò, kó má dúró di oṣù kẹwàá. Kó lọ wo gọ́tà àdúgbò rẹ̀ ní oṣù keje.