Ká Tó Tú Àtíbàbà, Ká Jẹ́ Kí Àlejò Dìde

Nínú kíláàsì wa, ohun tí a fi ń mọ ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni pé kí ètò tó kọ ṣí, kó sì ṣiṣẹ́. Bó bá ti ṣiṣẹ́ lójú olùkọ́, máàkì ti wọlé nìyẹn. Bí ètò náà ṣe ń kógbá wọlé, bó ṣe ń dá ohun tó yá padà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti máa dán ara wa wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ewu sá pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi driver kan nínú Linux ṣe àpẹẹrẹ. iscsi_tcp lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo dísìkì tó wà lọ́nà jíjìn bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ló wà. Ìlànà tó ń tẹ̀ lé, iSCSI, jáde ní ọdún 2004 gẹ́gẹ́ bí RFC 3720; RFC 7143 sì rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2014. Bí kọ̀ǹpútà bá wọlé sórí dísìkì náà, driver á ya ààyè kan sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì, èyí tí à ń pè ní session. Ibẹ̀ ló ń kó ọ̀rọ̀ nípa ìsopọ̀ àti àwọn iṣẹ́ tí kò tíì parí sí. Bó bá fẹ́ jáde, ó gbọ́dọ̀ tú session ká, kí ààyè náà lè wúlò fún nǹkan mìíràn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo session. Linux ní fáìlì kékeré kan tí ètò mìíràn lè kà láti mọ àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà ń lò. Kí driver tó lè dáhùn, ó gbọ́dọ̀ wo inú session. Títí di ọdún 2023, iscsi_session_teardown nìkan ló ń yọ session kúrò, tó tún ń dá mẹ́mọ́rì rẹ̀ padà, nígbà tí fáìlì yẹn ṣì wà níta. Ẹni tó bá kà á lásìkò náà ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò. Ó lè bá ẹrù ẹlòmíràn níbẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà sì lè dákú.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe kò ju ètò ìtòtẹ̀léra lọ. Wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì: iscsi_session_remove àti iscsi_session_free. Driver á kọ́kọ́ yọ session kúrò, á wá yọ fáìlì kúrò níta, á sì dúró kí ẹni tó ń kà á lọ́wọ́ parí. Ìgbà yẹn ló tó lè dá mẹ́mọ́rì padà. Wọ́n tún ìwọlé náà ṣe pẹ̀lú: driver kì í fi session han ẹnikẹ́ni mọ́ títí yóò fi tò ó tán.

Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí mọ ìlànà yìí. A kì í tú àtíbàbà lé àwọn àgbà tó ṣì ń jẹun lórí. A ó kọ́kọ́ dáwọ́ gbígba àlejò tuntun dúró, a ó jẹ́ kí àwọn tó wà níjòókòó dìde, ká tó kó àga, ká tó wá fọwọ́ kan òpó.

Àwọn kan á ní àsìkò tí ewu náà fi ń ṣí sílẹ̀ kéré jù, ta ni yóò ṣe kòńgẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń wọlé tó ń jáde tọ̀sán-tòru yóò ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹni ibi sì lè máa gbìyànjú títí yóò fi bọ́ sí i. Àwọn mìíràn á ní Rust ti yanjú rẹ̀. Lóòótọ́, Rust kì í sábà jẹ́ ká lo mẹ́mọ́rì tí a ti dá padà. Àmọ́ kò lè bá wa mọ̀ pé ó yẹ ká umount dísìkì kí a tó jáde nínú iSCSI, kí ohun tí a kọ má baà sọnù sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti fa flash yọ nígbà tí fáìlì ṣì ń wọ inú rẹ̀ mọ bó ṣe ń dunni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ project, ẹ kọ ètò ìkógbá-wọlé kí ẹ tó kọ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: ta ló tún ń lo nǹkan yìí? Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti lọ? Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fún wa ní máàkì fún bí ètò wa ṣe ń parí. Iṣẹ́ wa lè bọ́ sí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tàbí ti báńkì lọ́la, níbi tí ẹ̀mí àti owó ẹni ẹlẹ́ni wà.