Ọ̀nà tí Ọrọ̀ Gbà Wọlé

Àwọn àgbà a máa wí pé owó kò níran. Òdodo ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú ìtàn Jakob Fugger, ẹni tí a bí ní ìlú Augsburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1459. Ahunṣọ ni bàbá bàbá rẹ̀, tí ó ti abúlé wá sí ìlú náà ní 1367; ṣùgbọ́n kí Jakob tó kú ní 1525, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó lówó jù lọ ní Yúróòpù.

Ọgbọ́n àti aápọn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó lọ kọ́ òwò ní Venice, ìlú àwọn oníṣòwò ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí ó padà dé, ó ṣàkíyèsí pé owó ọwọ́ àwọn ọmọ aládé kì í tó ìnáwó wọn. Ó ń yá wọn lówó, ṣùgbọ́n kì í gba ìlérí ẹnu lásán: fàdákà tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Tyrol ni wọ́n fi ń san án fún un. Lẹ́yìn èyí, ó nawọ́ sí bàbà ilẹ̀ Hungary. Ní 1514, olú-ọba fi í joyè ńlá, ọmọ-ọmọ ahunṣọ sì di ọlọ́lá.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìyìn nìkan ni ìbá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní 1519, nígbà tí àwọn afọbajẹ méje fẹ́ yan olú-ọba tuntun, Charles, ọba Sípéènì, ná 851,918 owó wúrà láti fa ojú wọn mọ́ra. Ọ̀dọ̀ Fugger ni 543,585 nínú owó náà ti wá. Charles sì gorí oyè. Nígbà tí ó fi gbèsè náà falẹ̀, Fugger kọ̀wé sí i ní 1523, ó rán an létí pé láìsí ìrànlọ́wọ́ òun, adé náà kì bá tí dé orí rẹ̀. Àwọn kan a máa yìn ín fún ìgboyà yìí. Ṣùgbọ́n níbi tí owó ti ń fi ọba jẹ, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ tálákà?

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òwò náà bọ́ sí ọwọ́ Anton, ọmọ arákùnrin rẹ̀. Ní 1548, ilé Fugger bá ọba Potogí ṣe àdéhùn láti pèsè ẹ̀gbà idẹ fún òwò etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn Potogí fi ń ra ata, tí wọ́n fi ń ra eyín erin, tí wọ́n sì fi ń ra ènìyàn.

Síbẹ̀, Jakob ṣe ohun rere kan tí kò ṣeé gbàgbé. Ní 1521, ó fi ìdí àdúgbò kan múlẹ̀ ní Augsburg, tí à ń pè ní Fuggerei, fún àwọn aláìní ìlú náà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Owó wúrà kan ṣoṣo ni owó ilé fún odidi ọdún, pẹ̀lú àdúrà mẹ́ta lójoojúmọ́ fún olùdásílẹ̀ àti ìdílé rẹ̀. Bọ́ǹbù ba ibẹ̀ jẹ́ ní 1944, wọ́n sì tún un kọ́. Títí di òní, àwọn aláìní ń gbé ibẹ̀, owó ilé wọn lọ́dún kò sì pé yúrò kan.

Àwọn mìíràn lè wí pé iṣẹ́ àánú yìí ti bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ra afọbajẹ ti ṣe ìlú níbi, bí ó tilẹ̀ kọ́lé fún ọgọ́rùn-ún tálákà. Ìlé tí a kọ́ kì í sì í dá ènìyàn tí a tà padà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí fojú tín-ínrín ẹ̀bùn náà. Ní 1557, ìjọba Sípéènì kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, àdánù ńlá sì bá ilé Fugger. Owó tí wọ́n yá àwọn ọba ṣègbé. Èyí tí wọ́n fi kọ́lé fún tálákà ni ó dúró.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ yin olówó kọ́kọ́ béèrè ohun méjì: ọ̀nà wo ni ọrọ̀ náà gbà wọlé, ọ̀nà wo ni ó sì gbà jáde? Ẹni tí ó béèrè ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì mọ olówó náà.