Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Tó, Irin Tí Ó Pọ̀ Jù

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ní Ìṣẹ́, Ẹmùré àti Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi. Bí ojú ọmọ bá ti funfun, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni ẹ máa ń sáré rà. Irin wà nínú oògùn náà. Irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì dára fún aboyún. Ṣùgbọ́n ti ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀. Kì í sábà jẹ́ àìtó irin ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tètè bàjẹ́.

Ara wa kò ní ọ̀nà tí ó lè gbà da àpọ̀jù irin nù. Mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ó ń jáde lóòjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àpò ẹ̀jẹ̀ kan tí a fà sí aláìsàn lára ní irin tí ó tó mílígíráàmù 200. Bí a bá ń fà á léraléra, tí a tún ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ lé e, irin yóò kó sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè fa àtọ̀gbẹ, ó sì lè pa ọmọ.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ láìbéèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní. Fólíìkì ásíìdì ni kí ẹ máa fún un bí dókítà ti wí. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà púpọ̀, ẹ béèrè àyẹ̀wò ferritin. Oògùn tí ń lé irin jáde wà. Àṣejù, baba àṣetẹ́.