Ọmọ Mélòó Ni Ìyá Àgbà Bí?

 

Bí a ti ń kọ́ òǹkà ní Sátidé tó kọjá, ọmọ kan na ọwọ́ sókè. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ènìyàn Nàìjíríà yóò di mílíọ̀nù 400 ní ọdún 2050, ṣé àyè yóò wá kù fún òun tí òun bá fẹ́ padà sílé? A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti ọdún 2006. Mílíọ̀nù 140 ni wọ́n kà. Gbogbo iye tí à ń gbọ́ láti ìgbà náà, ìṣirò ni, ìṣirò sì máa ń yí padà. Ní 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní a ó jẹ́ mílíọ̀nù 401 ní 2050. Ní 2024, wọ́n tún un ṣe, ó di 359. Mílíọ̀nù 42 dín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kú!

Àwọn ìyá ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1990, bí a bá pín in dọ́gba, ọmọ 6 ni ìyá kan ń bí ní Nàìjíríà. Ní 2018, ó lé díẹ̀ ní 5. Nísinsìnyí kò pé 5 mọ́. Ọmọbìnrin tó bá pẹ́ nílé ìwé kì í tètè lọ́kọ, ìyá tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ọmọ òun yóò yè kì í bí kún un nítorí ìbẹ̀rù ikú. Síbẹ̀, a ó ṣì máa pọ̀ sí i: nǹkan bí ìdajì àwa ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì pé ọdún 19. Àwọn náà ń bọ̀ wá di òbí.

Ibi tí à ń gbé yìí, ọ̀nà mìíràn ló gbà pọ̀. Ní 1975, àwọn ará UAE kò tó 600,000. Lónìí wọ́n ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ kọ́, ọkọ̀ òfúrufú ni. Ẹ wo inú Metro Dubai láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: arúgbó mélòó lẹ rí níbẹ̀?

Nítorí náà, ọmọ mi, àyè kò ní tán. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọdún 2006 ti jìnnà. Ìjọba tí kò mọ iye ọmọ tó wà ládùúgbò, báwo ni yóò ṣe mọ iye tíṣà tó yẹ kó gbà síṣẹ́?

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ pe ìyá àgbà nílé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè iye ọmọ tí ìyá wọn bí, àti iye tí àwọn fúnra wọn bí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ iye ọmọ tó wà nílé yín ní Dubai tàbí Sharjah sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí Màmá bá fajú ro, ẹ ní kí wọ́n sáà máa dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin máa fi ìka ká a.